Ìwà mímọ́ láti Mọ́ńdè títí dé Sátidé: bá a ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lóòótọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ ìwà mímọ́ la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ mi ò ní sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lórí pẹpẹ, tí gbogbo wa á pariwo àmín, tí omijé á máa bọ́, tá a bá sì wá wọ danfó nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè yẹn náà, a ti ń bá kọ́ńdọ́ jà nítorí ṣéńjì. Mo fẹ́ ká mú un ní ẹsẹẹsẹ: ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀, ohun tọ́wọ́ wa máa ṣe, ohun tẹ́nu wa máa sọ nígbà tí irọ́ bá ti dé ètè. Ẹni tó bá ń wá ìwàásù, ẹ má bínú, kò sí níbí.

Heberu 12:14 ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé láìsí ìwà mímọ́ kò sẹ́ni tó máa rí Olúwa. Ó dáa. Ẹ wá lọ ka ẹsẹ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí i pé ká máa lépa àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo èèyàn ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Apá kejì la máa ń kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, apá kìíní la fi sílẹ̀ fún lándílọ́ọ̀dù àti tẹ́náǹtì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka Lefitiku 19, kí bírò wà lọ́wọ́ yín

Mo mọ̀ pé Lefitiku kì í ṣe ìwé téèyàn ń dédé ṣí. Ẹbọ, ẹ̀jẹ̀, ẹ̀tẹ̀, a máa ń fò ó kọjá ni ká lè tètè dé Orin Dafidi. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ ka orí 19. Ní ẹsẹ kejì, Ọlọ́run ní kí Mose sọ fún gbogbo ìjọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n jẹ́ mímọ́ torí òun jẹ́ mímọ́. Gbogbo ìjọ o, kì í ṣe àwọn àlùfáà nìkan. Kí ló wá tẹ̀ lé e? Bọ̀wọ̀ fún ìyá àti bàbá ẹ. Má kórè dé etí oko, kí tálákà àti àlejò lè rí nǹkan ṣà. Má jalè, má purọ́. Má jẹ́ kí owó alágbàṣe sùn lọ́dọ̀ ẹ mọ́jú. Má ṣépè fún adití, má gbé ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú. Má ṣojúsàájú tó o bá ń dájọ́, ì báà jẹ́ fún olówó ì báà jẹ́ fún tálákà. Má máa ṣòfófó kiri. Dìde fún orí ewú. Fẹ́ràn àjèjì bí ara ẹ. Má lo òṣùwọ̀n èké. Bó ṣe ń sọ èyí tán ló ń fi "Èmi ni Olúwa" lù ú bí òǹtẹ̀.

Orí yìí kan náà ni Peteru ń tọ́ka sí nínú 1 Peteru 1:15 àti 16, tó ní ká jẹ́ mímọ́ "nínú ìwà yín gbogbo". Ẹ tún wo èyí. Nínú Eksodu 28:36, wọ́n fín "Mímọ́ sí Olúwa" sára àwo wúrà tó wà níwájú orí olórí àlùfáà. Nígbà tó wá kan Sekaraya, orí 14, ẹsẹ 20 àti 21, ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ kan náà máa wà lára ṣaworo ẹṣin, tí gbogbo ìkòkò tó wà ní Jerúsálẹ́mù àti Júdà máa jẹ́ mímọ́. Ẹṣin àti ìkòkò! Ọkọ̀ àti ilé ìdáná nìyẹn. Àwa náà kúkú ń kọ irú ẹ̀ sẹ́yìn danfó, ó ku kí dírẹ́bà yéé gba wọ́n-wéè.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Ẹ ka orí yẹn láti òkè délẹ̀, ẹ fàlà sábẹ́ ẹsẹ tó kan iṣẹ́ yín, ilé yín, fóònù yín. Ẹ má fàlà sábẹ́ èyí tó kan ìyá ọkọ yín o, tiyín ni ká wò. Lẹ́yìn náà ẹ mú ẹyọ kan, ẹyọ kan péré, kẹ́ ẹ fi oṣù kan bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá lóun fẹ́ tún gbogbo ìwà òun ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá fi máa di Wẹ́sìdeè, ó ti sú u.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dárúkọ ẹ̀ nínú àdúrà

Agbára ara wa ò gbé e, ẹ jẹ́ ká yáa sọ ìyẹn. Titu 2:11 àti 12 sọ pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló ń kọ́ wa pé ká kọ àìwà-bí-Ọlọ́run sílẹ̀. Ẹni tí ò tíì fayé ẹ̀ fún Jésù, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Àmọ́ àwa tá a ti gbà á tipẹ́, ohun tó ń dà wá láàmú ni pé àdúrà wa ti fẹ̀ jù. "Olúwa, sọ mí di mímọ́," ó parí, a ti dìde, a ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ẹ gbìyànjú èyí wò. Kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ro ọjọ́ yẹn láti àárọ̀ dalẹ́: ta lẹ máa bá pàdé tó máa ń bí yín nínú, ibo lowó ti máa gba ọwọ́ yín kọjá, ìgbà wo lẹ máa dá wà pẹ̀lú fóònù. Ẹ wá dárúkọ ẹ̀ fún Ọlọ́run. "Olúwa, ọ̀gá mi máa ní kí n kọ iye tá ò ná sínú ìwé lónìí, fún mi lóhun tí mo máa sọ." "Olúwa, àbúrò ọkọ mi ń bọ̀, dákun mú ẹnu mi dání." Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan ọ̀hún bá dé, kò ní bá yín lójijì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: owó, òṣùwọ̀n àti iṣẹ́

Ibí yìí ni mo máa dúró sí pẹ́, torí ibí gan-an lẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ọjà. Lefitiku 19:35 àti 36 sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, Owe 11:1 sì ní ìríra ni ìwọ̀n èké lójú Olúwa. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n fi òòlù lù nídìí títí tó fi wọnú. Gbogbo wa la mọ apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó jẹ́ ewé ló wà nísàlẹ̀, tí àwọn pupa róbótó wá jókòó sókè bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Ìyá oníràìsì á wọn ọjà, á gbé e ga ṣóńṣó, oníbàárà á ní "ẹ fi ènì sí i, Ìyá," ìyá á rẹ́rìn-ín, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, oníbàárà á dúpẹ́ á sì máa lọ, kò mọ̀ pé ènì tó gbà yẹn ò tó nǹkan tí ìdí kóńgò ti jẹ mọ́ òun lọ́wọ́. Ìyá yìí sì lè jẹ́ ìyá ìjọ o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà, bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ kóńgò yín wò rèé. Ẹ wá kóńgò tuntun tẹ́nì kankan ò tíì lù. Ẹ já píọ̀ wọ́tà sínú ẹ̀, 50cl lọ̀rá kan, kẹ́ ẹ ka iye ọ̀rá tó gbà kó tó kún. Ẹ wá da iye kan náà sínú èyí tẹ́ ẹ fi ń tajà. Tó bá kún tí omi ṣì ṣẹ́ kù sínú ọ̀rá, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ẹ má tà á fún ẹlòmíì, ẹ má sì fún aládùúgbò, ẹ tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà lọ́dún 1930, tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wàásù, àwọn èèyàn kó ère àti oògùn jáde kí wọ́n lè sun ún, wọn ò fi í pa mọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kóńgò èké náà, irú ẹ̀ ló tọ́ sí i.

Ẹ máa bi mí pé tí gbogbo ọjà bá ń lo kóńgò èké, témi nìkan wá ń lo èyí tó pé, ṣé mi ò ní jẹ gbèsè? Ẹ ó jẹ ẹ́ tẹ́ ẹ bá ń tà á níye kan náà. Ẹ fowó lé e, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ síta: "Tèmi wọ́n díẹ̀, àmọ́ ẹ fọwọ́ kan ìdí kóńgò mi wò." Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, mi ò ní purọ́ fún yín, àwọn oníbàárà kan máa lọ. Àwọn tó ń se oúnjẹ òde ló máa ń kọ́kọ́ padà wá, torí àwọn mọ iye abọ́ tí kóńgò kan ń bù, kò sẹ́ni tó lè fi ènì tan irú wọn.

Ó kan ẹ̀yin télọ̀ (ẹ má bínú sí mi o, mo nífẹ̀ẹ́ yín). "Ó ti tán, bọ́tìnì ló kù," nígbà tí aṣọ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá. Orin Dafidi 15:4 yin ẹni tó búra tí ò yẹ̀ ẹ́ kódà tó bá pa á lára. Ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ ò le: ẹ ní ìwé kan, ẹ kọ aṣọ tó wà nílẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ dá fún oníkálukú síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó dáhùn ẹni tó ń bọ̀ ẹ wo ìwé yẹn, kì í ṣe ojú ẹni yẹn lẹ máa wò. Tí ìwé bá ní kò sáyè, kò sáyè, ọdún Àjíǹde ò ní kú tí aṣọ kan bá bọ́. Tẹ́ ẹ bá sì ti gbà á tí iná ò sí tàbí tí maṣíìnì bà jẹ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pe oníbàárà, kí wọ́n tó pè yín.

Ọ́fíìsì ńkọ́? Owó ọkọ̀ tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ ju èyí tẹ́ ẹ san lọ, síìkì lífù tó jẹ́ pé òde ìgbéyàwó ni Abẹ́òkúta lẹ fi lọ, fáìlì tí ò ní kúrò lórí tábìlì àfi téèyàn bá gbé egúnjẹ sílẹ̀. Ti egúnjẹ, mo ti kíyè sí nǹkan kan: ọ̀pọ̀ àwa tá à ń san án, ìkánjú àti ìwé tí ò pé ló ń tì wá síbẹ̀. Láísẹ́ǹsì tó ti kú láti oṣù kẹta. Pásípọ́ọ̀tù téèyàn ń wá nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Torí náà, ẹ jókòó lónìí, ẹ kọ gbogbo ìwé yín tó ní ọjọ́ tó máa kú sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi álààmù sí i lórí fóònù ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Kò dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, mo mọ̀, àmọ́ ẹni tí ìwé ẹ̀ pé lè jókòó síbi tọ́lọ́pàá dá a dúró sí, kó rọra máa kọrin. Tí ọ̀gá bá sì ní kẹ́ ẹ kọ irọ́, ẹ má bú u, ẹ má wàásù fún un níwájú àwọn èèyàn. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò ní lè buwọ́ lu èyí, àmọ́ mo lè bá yín kọ iye tá a ná gan-an lójú ẹsẹ̀." Ó lè ná yín ní nǹkan. Daniẹli náà, wọ́n wá ẹ̀sùn sí i lọ́rùn nídìí iṣẹ́ ọba, wọn ò rí, síbẹ̀ wọ́n ṣì gbé e jù sí kìnnìún.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ mírákù sẹ́ńtà. Bàbá sanwó kí wọ́n lè kọ ìdáhùn WAEC sójú bọ́ọ̀dù fọ́mọ ẹ̀, èsì dé, ó dára gan-an, wọ́n gbé ọmọ wá síwájú pẹpẹ fún ìdúpẹ́, a ṣe àmín. Kí lọmọ yẹn rò pé àmín wa túmọ̀ sí? Ẹ jẹ́ kó tún un kọ. Ọdún kan kì í ṣe ikú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London náà, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ kúrò nínú council tax, owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, fún àgbàlagbà tó bá ń dá gbé. Tí ọkọ bá wà nílé, tí àbúrò ọkọ wà ní yàrá kejì, tẹ́ ẹ wá ń gba ẹ̀dínwó yẹn, òṣùwọ̀n èké náà ni, kàn pé kì í ṣe kóńgò.

Owó alágbàṣe. Lefitiku 19:13 ní kò gbọdọ̀ sùn lọ́dọ̀ yín, Jakobu 5:4 sì ní owó tí wọ́n fi du àwọn tó kórè oko ń ké, igbe wọn sì ti dé etí Olúwa. Ẹ wo lébìrà tó ń po sìmẹ́ńtì láti àárọ̀. Ó ti wẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ wá láàárọ̀, ó dúró lẹ́bàá gééètì, kò sọ̀rọ̀. Ó ń retí. Ẹ wá jáde, ẹ ní "ẹ wá lọ́la, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa." Ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà yẹra fún ìyẹn ni kẹ́ ẹ dúnàádúrà kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀, kẹ́ ẹ gba káàṣì lọ́wọ́ oní-POS láàárọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kowó wà nínú ilé. Ti ọmọ ọ̀dọ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, tá a bá san owó oṣù ẹ̀ fún àǹtí tó mú un wá, tọ́mọ ò fojú kàn án. Ẹ bi ọmọ náà léèrè, ẹ bá a ṣí àkáǹtì tó bá ti dàgbà tó.

Etí oko náà wà nínú Lefitiku 19, ẹsẹ 9 àti 10. Wọ́n sọ nípa John Wesley, oníwàásù tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, pé nígbà tó ń gba pọ́n-ùn 30 lọ́dún ó ń fi 28 jẹun, nígbà tí owó ẹ̀ di 60 ó ṣì ń ná 28, ó ń fi ìyókù fún aláìní. Àwa, bówó ṣe ń lé ni àsè ń lé. Ẹ yọ etí oko yín sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tówó oṣù bá wọlé, iye tó bá wù kó jẹ́, kẹ́ ẹ tó ra dátà. Ẹ má sì fi í sí sítátọ́ọ̀sì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹnu àti fóònù

Jakobu 1:26 ò fi bọpo bọyọ̀: ẹni tó rò pé òun ń sin Ọlọ́run tí ò kó ẹnu ẹ̀ níjàánu, asán ni ìsìn ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn irọ́ kéékèèké bẹ̀rẹ̀, torí àwọn la kì í kà sí irọ́. "Mo ti wà lójú ọ̀nà," ẹ ṣì ń wá bàtà ẹsẹ̀ kejì. Ẹ sọ pé "mi ò tíì kúrò nílé, ẹ fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú." "Sọ fún wọn pé mi ò sí nílé," ọmọ ọdún méje lẹ rán níṣẹ́ irọ́ yẹn, lọ́la ẹ máa nà án pé ó purọ́. Ẹ ní kó sọ pé "Màmá mi ní wọ́n máa pè yín padà." Ẹni tó fẹ́ yáwó, tẹ́ ẹ ní "mi ò lówó lọ́wọ́ rárá," owó wà níbẹ̀ o, ẹ kàn mọ̀ pé kì í san. Ẹ sọ fún un pé "mi ò ní lè yá yín." Ó máa dun ẹni yẹn díẹ̀, ó máa kọjá.

Òfófó tá a wọ̀ láṣọ àdúrà ló wá gbóná jù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà fún Sístà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ilé ọkọ ẹ̀ ti ń mì, mo gbọ́ pé ọkọ náà ò sunlé mọ́, ẹ má sọ fẹ́nì kankan o." Ṣé ẹ ti bi Sístà náà kẹ́ ẹ tó gbé e dé orí WhatsApp? Tí kò bá sọ pé kẹ́ ẹ sọ, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún Ọlọ́run nìkan, Ọlọ́run mọ ibi tó ń gbé. Bródíkáàsì tí wọ́n bá fi ráńṣẹ́ sí yín pé "fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá," pé pásítọ̀ kan kú, pé oògùn kan ń pa èèyàn, ẹ jẹ́ kó dúró sọ́wọ́ yín títí tẹ́ ẹ máa fi rídìí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fi irọ́ ráńṣẹ́ sórí gúrúùpù kan, orí gúrúùpù yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ padà sí kẹ́ ẹ sọ pé irọ́ ni, kì í ṣe kẹ́ ẹ rọra pa á rẹ́.

Lefitiku 19:17 kìlọ̀ pé ká má kórìíra ará wa nínú ọkàn, ká bá a wí ni. Ìyẹn ni pé tẹ́nì kan bá ṣẹ̀ yín, òun lẹ máa lọ bá. Kì í ṣe sítátọ́ọ̀sì "àwọn ọ̀tá mi máa tú fó", tí gbogbo ẹbí wá ń méfò pé ta ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ara, àti ohun tó ń lọ nínú ilé

Ẹ̀kọ́ ìwà mímọ́ tí púpọ̀ nínú wa dàgbà sí, orí aṣọ ló fìdí sí jù, gèlè, yẹtí, ṣòkòtò obìnrin. Mi ò ní bá ìjọ tó ní òfin tiẹ̀ jà, ẹni tó wà nínú ilé ló ń tẹ̀ lé òfin ilé. Mo kàn ní èèyàn lè bọ́ yẹtí tán kó má bọ́ ìbínú.

Ti ìṣekúṣe, 1 Tessalonika 4:3 sí 7 sọ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ni pé ká jẹ́ mímọ́, ká sá fún àgbèrè, ó sì fi kún un pé kẹ́nì kankan má rẹ́ arákùnrin ẹ̀ jẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ rí i, ó kan ẹlòmíì. Josefu ò dúró jiyàn pẹ̀lú ìyàwó Potifari, ó sá, ó fi aṣọ sílẹ̀. Tiwa lóde òní, fóònù la máa sá fún: ẹ máa chájì ẹ̀ ní pálọ̀ lóru, ẹ ra aago kékeré tó máa jí yín. Ẹni tẹ́ ẹ máa ń bá ṣáàtì ní aago méjìlá òru tí ọkọ tàbí aya yín ò mọ̀ sí, ẹ má ṣàlàyé, ẹ yéé dá a lóhùn.

Nínú ilé, ẹ gbọ́ ohùn tẹ́ ẹ fi ń pe ọmọ ọ̀dọ̀, kẹ́ ẹ wá gbọ́ èyí tẹ́ ẹ fi ń pe àwọn àgbà ìjọ. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá ìbínú yín, Efesu 4:26 ló sọ bẹ́ẹ̀. Nílé tí tọkọtaya ti ń bá ara wọn yan odì, ẹ fi aago kan sí i: tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹni tí inú ń bí náà ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò di dandan kí ọ̀rọ̀ yanjú, kó ṣáà máà sun dídi. Ọkọ tó bá ṣẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, níwájú àwọn ọmọ náà ni kó ti tọrọ àforíjì. Kò ní sọ yín di ọmọdé.

Tí ibi tẹ́ ẹ wà bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lù yín, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan fi ìwà mímọ́ dè yín mọ́bẹ̀. Ẹ jáde, ẹ wá ààbò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dá a padà

Àwọn ìjọ bíi Deeper Life àti Apostolic Faith ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa mọ ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ká dá ohun tá a fi èrú gbà padà fún ẹni tó ni ín, àwọn kan sì ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, àmọ́ inú Bíbélì ló wà. Lefitiku 6:5 ní ká dá owó padà ká sì fi ìdá márùn-ún ẹ̀ lé e, ìyẹn ni pé ẹni tó jẹ 10,000 náírà máa dá 12,000 padà. Sakeu ní tòun, ìlọ́po mẹ́rin. Tẹ́ni tẹ́ ẹ rẹ́ jẹ bá ti kú, Numeri 5:8 ní kẹ́ ẹ fún ìbátan ẹ̀, tí kò bá ní ìbátan kó jẹ́ ti Olúwa.

Ẹ jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó kéré: owó àjọ tẹ́ ẹ kó tán tẹ́ ẹ ò dá tán, ìwé tẹ́ ẹ yá, mítà iná tẹ́ ẹ báípáàsì. Ti mítà, ẹ pe oníná tó mọṣẹ́ kó tún un so bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ gba ọ́fíìsì wọn lọ fún ohun tó kù. Tówó bá pọ̀ ju agbára yín, ẹ lọ bá olówó, ẹ dárúkọ iye tẹ́ ẹ lè máa san lóṣooṣù, ẹ má sá fún un lójú ọ̀nà mọ́. Ẹ fara balẹ̀ o lórí èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tú u, ilé ẹlòmíì máa dà rú, tàbí èyí tó lè dé kóòtù. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀ tó lẹ́nu tó ń dì, bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin, ẹ bá lọ́yà. Ẹ má sì sáré fi í jẹ́rìí lórí pẹpẹ, ẹ dá a padà tán ná.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ wá ẹni tó máa bi yín

Ní 1742 ní Bristol, gbèsè ilé ìjọsìn wà lọ́rùn àwọn èèyàn Wesley. Wọ́n pín ara wọn ní méjìlá méjìlá, tí wọ́n ń pè ní kíláàsì, olúkúlùkù á dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, ẹnì kan á máa lọ gbà á nílé wọn. Ẹni tó ń gbowó yìí ló wá ń rí i pé ọkùnrin yìí ń mutí, tọkọtaya ọ̀hún ń jà. Báyìí ni kíláàsì ṣe dohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ọkàn ara wọn. Mẹ́tọ́díìsì dé Badagry pẹ̀lú míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman ní 1842, a ṣì ní kíláàsì dòní, àmọ́ níbòmíì owó nìkan la tún ń gbà.

Ẹ wá ẹnì kan tàbí méjì, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú obìnrin, kó má jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó. Ẹ kọ́kọ́ sọ nǹkan kékeré fún un, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa padà dé etí yín látẹnu ẹlòmíì. Tí kò bá padà wá, ẹ máa rí ara yín lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, wákàtí kan ti tó, kẹ́ ẹ bi ara yín pé: Èyí tó o mú nínú Lefitiku 19, báwo ló ṣe lọ? Irọ́ wo lo pa? Ta lo bínú sí tó o ò tíì lọ bá? Ṣé owó kan wà lọ́wọ́ ẹ tí kì í ṣe tìẹ? Ẹni tó bá ṣubú, kó sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbàdúrà, 1 Johanu 1:9 wà níbẹ̀, ó tán. Ẹ má bá ara yín jẹ́jọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìjọ fúnra ẹ̀

A kì í sábà fi ṣọ́ọ̀ṣì kún un, bẹ́ẹ̀ apá kan ìgbésí ayé wa lòun náà jẹ́. Ẹ yí gbohùngbohùn yín sínú. Ìyá tó ń tọ́ ọmọ ọwọ́ lójúlé kejì, Mùsùlùmí tó fẹ́ jí fún àdúrà àsùbáà, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, ọmọnìkejì yín ni gbogbo wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pa nítorí ariwo, kò yẹ kó jẹ́ ìjọba ló máa kọ́ wa ní ìyẹn.

Àti owó ọrẹ. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó owó lọ fún àwọn tálákà ní Jerúsálẹ́mù, kò dá a gbé, 2 Korinti 8 sọ pé àwọn ìjọ yan arákùnrin kan kó bá wọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan sọ sí wọn, torí wọ́n fẹ́ kó dáa lójú Olúwa àti lójú èèyàn pẹ̀lú. Nítorí náà kẹ́nì kan má dá ka owó ọrẹ, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ ìyàwó pásítọ̀. Kí èèyàn mẹ́ta tí kì í ṣe ẹbí kan náà kà á lórí tábìlì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn buwọ́ lù ú kí wọ́n tó gbé àpò náà kúrò nílẹ̀, kí wọ́n sì ka àkáǹtì síta fún ìjọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.